Ẹni Tí Yóò Sùn Nísàlẹ̀

"Ẹ má dùbúlẹ̀ pẹ́ lórí ìyẹn, ojúgbà. Ó ti ń wọ̀n yín."

Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò dìde jókòó. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀dì tó sùn lé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ rẹ̀ bí ológbò tó gbóòórùn ẹja, ó ń wọn gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wọn ìbú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí bí ó ṣe ń mí. Ó rọra sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó ń fi ìka wá bàtà.

Ìrọ̀lẹ́ ni, àsìkò tí ìlú Òkè-Àánú ń jí. Lóde, wọ́n ń ká aṣọ ìbòòrùn ńláńlá kúrò lójú pópó, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń kí ara wọn kú jíjí, àwọn ọmọ ń sáré lọ sílé ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Láti ìgbà tí oòrùn ti di ohun tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ rìn lábẹ́ rẹ̀ mọ́, ọ̀sán ni wọ́n fi ń sùn, òru ni wọ́n fi ń ṣe ayé. Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò ti gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe gbé tàtijọ́ lọ, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò gbà á. Bí oòrùn bá yọ, tí gbogbo ilé bá pa fèrèsé dé, ojú rẹ̀ á là kalẹ̀, á máa dúró de àkùkọ tí kò sí.

"Mo kàn ní kí n mọ bó ṣe rí lára ni," ó wí fún obìnrin tó ń ta bẹ́ẹ̀dì ní ìsọ̀ náà.

Bísóyè ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tó ti bímọ tó ti tọ́mọ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Iná róbótó kan wà láyà rẹ̀, bí ó ṣe wà láyà gbogbo ará ìlú. Etí ilé ni iná náà, nítorí ilé Òkè-Àánú ń gbọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ látinú ògiri. Ó máa ń pọ́n bí ó bá gbọ́ ohun tí òfin kò fẹ́.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ sùn lórí ẹ̀ ni? Ẹni tó ń bọ̀ wá bá yín ló ni ín. Ara yín lẹ fẹ́ fi wọn ti ẹlòmíì?"

"Ṣebí òfin ló ní bákan náà ni gbogbo wa."

Bísóyè fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa jáde. "Ẹnu yín á kó bá yín lọ́jọ́ kan."

"Kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ni. Ìyẹn ni kò fi tíì kó bá mi."

Ọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀ ló gbé e wá. Nígbà tí Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ kú, wọn kò tíì kúrò níbi ìsìnkú tí ilé ti gbọ́. Kí ó tó padà délé, ẹ̀rọ ti wọlé, ó ti gé ìdajì bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò, apá ojú fèrèsé, níbi tí Mọrẹ́nikẹ́ ń sùn. Ibẹ̀ wá di ilẹ̀ dídán lásán. Ní Òkè-Àánú, àyè tó bá gba ènìyàn kò gbọ́dọ̀ ṣófo. Ilé ti sọ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pẹ̀lú ohùn dídùn tó fi ń sọ gbogbo nǹkan: kí ó lọ yan ibùsùn àfàyọ kan, irú èyí tí wọ́n ń tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí wọ́n bá jí, tí wọ́n ń fà yọ bí wọ́n bá fẹ́ sùn, kí ilé lè fún un ní alábàágbé. Bí kò bá fẹ́, kí ó kó lọ sí Gbọ̀ngàn.

Ó ti lọ wo Gbọ̀ngàn rí. Bẹ́ẹ̀dì lọ súà, gbogbo wọn dọ́gba, gbogbo wọn kọjú síbì kan, kò sí fèrèsé, kò sí ìṣó lára ògiri. Mọrẹ́nikẹ́ kan ìṣó kan mọ́ ògiri yàrá wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibẹ̀ ló fi ń kọ́ gèlè. Ìṣó náà ṣì wà níbẹ̀. Ilé kò tíì rí i.

Bísóyè fa bẹ́ẹ̀dì kan jáde lábẹ́ òmíràn. Táyà rẹ̀ kò dún. "Èyí la ń pè ní agbéra. Ẹ fà á yọ, ẹ fẹsẹ̀ tẹ ibí yìí, á dìde fúnra ẹ̀." Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀dì náà mí kanlẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn sókè bíi ràkúnmí, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti abẹ́ rẹ̀ jáde, orí wọn dọ́gba, bíi pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n látilẹ̀. "Ìjọba fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ̀yin níhìn-ín, òun níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ga ju ẹnì kejì. Fóòmù ẹ̀ nípọn. Àbùkù ẹ̀ ni pé tó bá ti dìde, ó ti gba gbogbo ilẹ̀ yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ á gun ẹnì kejì kọjá."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ti ilẹ̀. Ìyẹn kì í dìde. Bẹ́ẹ bá ṣe fà á yọ náà ló máa wà, ó lọ sílẹ̀ bí ẹní. Fóòmù ẹ̀ fẹ́lẹ́, torí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ló máa wọ̀. Báwo ni abẹ́ ọ̀hún ṣe ga sí?"

Bàbá na àtàǹpàkò àti ìka àárín síra wọn lójú afẹ́fẹ́. "Tó báyìí. Ó lé díẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀ báyìí?"

"Àpótí kan."

"Á jáde o. Táyà ò ní gun orí àpótí."

Gèlè Mọrẹ́nikẹ́ ló wà nínú àpótí náà, àti ẹní kan tí wọ́n ká, tí òun fúnra rẹ̀ rù kúrò ní Ẹbúté-Ayépé, abúlé tí wọ́n bí i sí, nígbà tí Ẹbúté-Ayépé ṣì wà lókè omi. Ó tún wo agbéra náà. Ó rí i bí yóò ṣe dìde nínú yàrá rẹ̀, ní apá ojú fèrèsé, ní ibi tí wọ́n ti gé bẹ́ẹ̀dì gan-an, bí orí àjèjì kan yóò ṣe wà níbi tí orí Mọrẹ́nikẹ́ wà, tí yóò kọjú sí i lójú oorun.

"Ti ilẹ̀ ni mo fẹ́," ó wí.

Bísóyè wò ó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo iná àyà rẹ̀ dáadáa, bí ẹni tó ń bo fìtílà nínú atẹ́gùn, ó ṣẹ́jú sí i kí ó bo tirẹ̀ náà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹni tó ń bọ̀ bá jù yín lọ ńkọ́? Ẹ fẹ́ tẹ́ àgbàlagbà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ̀yin wà lókè?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti pè é ní Bàbá. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀kọ gbígbóná tó ń lọ lọ́nà ọ̀fun.

"Ta ni yóò jù mí lọ? Wo orí mi."

"Orí yín funfun torí ẹ ò kùn ún. Ta ló ń fi orí mọ àgbà mọ́? Orúnkún tuntun, eyín tuntun, awọ tuntun. Obìnrin kan wá síbí níjelòó, mo rò pé àbúrò mi ni. Ó ní òun lòun pọn ìyá mi."

"Àgbà tó kù láyé tó lè bi èmi léèrè ohun tí mo ń ṣe, mi ò mọ̀ ọ́n, Bísóyè. Gbogbo wọn ti lọ. Bá mi gbé ti ilẹ̀."

"Kò burú. Ṣùgbọ́n ti ilẹ̀, ẹni tó máa sùn sí i gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara ẹ̀ gbà. Tí ọ̀sẹ̀ bá yí po, èmi fúnra mi ni mo máa wá gbọ́. Tó bá ní òun ò gbà, ẹ̀yin lẹ máa kó jáde o, Bàbá. Ẹ mọ ibi tí wọ́n á gbé yín lọ."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí iná. "A dúpẹ́ o, ojúgbà," ó kígbe, kí gbogbo ìsọ̀ lè gbọ́.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé òfin náà kò nídìí. Nígbà omi, nígbà tí òkun dìde, tí àwọn ará etíkun ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn, wọ́n ní kí àgbà kọ́kọ́ wọ̀, bí ó ti yẹ. Àgbà wọ̀, ọkọ̀ kún, àwọn ọmọdé dúró létí omi pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn tó yè nínú wọn ló dàgbà tó ṣe òfin: kò ní sí àgbà mọ́, kò ní sí ọmọdé, ojúgbà ni gbogbo wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bi ẹnì kejì ní ọjọ́-orí, kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún un, kò gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀. Àwọn tí a bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, wọ́n á pín wọn níyà, ọ̀kan sí ìlà-oòrùn ìlú, èkejì sí ìwọ̀-oòrùn. Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò wà lára àwọn ọmọ tó dúró létí omi lọ́jọ́ náà. Òfin náà yé e. Ṣùgbọ́n kí nǹkan yé ènìyàn, kí ó sì bá a lára mu, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni alábàágbé náà dé, nígbà tí ìlú ń darí wálé láti sùn. Ó gbé báàgì kan lọ́wọ́, ó fi búúta ìṣàlùwàlá kékeré kan há abíyá. Irun rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Orúnkún rẹ̀ kò dún nígbà tó tẹ̀ ẹ́, eyín rẹ̀ pé pérépéré.

"Ojúgbà Gbàdàmọ́sí nìyí," ni ilé wí látinú ògiri. "Ojúgbà Ẹ̀hìnlàńwò nìyí."

"Ẹ kúulé," ni ẹni tó wọlé wí.

"Ẹ káàbọ̀," ni onílé dáhùn.

Ó tán. Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò wo irun dúdú yẹn, ó ní nínú ara rẹ̀ pé àbúrò tó tẹ̀lé àbúrò òun ni yóò jẹ́. Ó fa bẹ́ẹ̀dì yọ fún un. Gbàdàmọ́sí wo bí bẹ́ẹ̀dì náà ti lọ sílẹ̀ tó, ó wo èyí tó wà lókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rántí nǹkan, ó sì dùbúlẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú díẹ̀, ilé kí wọn: "Ẹ kú jíjí, ojúgbà méjì."

Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò ti jí tipẹ́. Ó ń dúró. Ọmọdé ní í kọ́kọ́ kí àgbà láàárọ̀, òfin yòówù kó wà. Bí ẹnu kò bá tilẹ̀ lè pe "Bàbá", ó lè sọ pé "ẹ kú jíjí" lásán. Ó dúró títí. Nísàlẹ̀, ẹni yẹn wúkọ́, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, òun náà dúró. Nígbà tó yá, ó dìde, ó gbé búúta rẹ̀, ó jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí tó wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Àpótí Mọrẹ́nikẹ́ ti jáde sí ẹnu ọ̀nà, àwọn méjèèjì ń kọ ẹsẹ̀ lù ú, ẹni tó bá kọ ọ́ á pòṣé, ẹnì kejì á kọ̀yìn sí i. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n bàbá lójú oorun, á gba orí ẹsẹ̀ ẹni tó wà nílẹ̀ kọjá, á fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, láìtọrọ gáfárà. "Ọmọ tí wọn ò kọ́," ló ń wí nínú ara rẹ̀. "Ilé wo ló ti wá?" Ó máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ìdánìkanwà ni kí yàrá ṣófo. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé èyí tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ tún korò jù ú lọ, nítorí yàrá òfìfo kò kọ̀ láti kí ẹnikẹ́ni.

Ó ku ọ̀la kí Bísóyè dé. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, òjò díẹ̀ sì ti rọ̀. Gbàdàmọ́sí wọlé pẹ̀lú fìlà tó tutù, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ìṣó kan lára ògiri. Ó fi fìlà kọ́ ọ.

"Ìṣó yẹn lẹ́ni tó ni ín," ni Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò wí látorí bẹ́ẹ̀dì. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ó ti pẹ́ tó ti lò ó.

Gbàdàmọ́sí yọ fìlà náà kíá. "Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ ni." Ó wo ìṣó, ó wo àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó?"

"Ibẹ̀ ló fi ń kọ́ gèlè."

"Wọ́n gé bẹ́ẹ̀dì èmi náà." Gbàdàmọ́sí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ilẹ̀, fìlà tútù lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo bẹ ẹ̀rọ yẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: èmi, mo dúró, mò ń bẹ ẹ̀rọ. Ó ní òun gbọ́. Ó ń gé e lọ."

Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i ṣe. "Èmi kò bá a nílé. Kí n tó dé, ó ti parí."

"Ìyẹn ló dáa jù. Ẹ dúpẹ́." Ó fún omi kúrò lára fìlà náà. "Níbo ni wọ́n ti kó yín wá nígbà omi?"

"Ẹbúté-Ayépé."

"Èyí tó wà lẹ́yìn ọ̀sà? Tí wọ́n ń yan ẹja sí gbogbo ẹnu ọ̀nà?"

Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò dìde jókòó. Kò sí ẹni tó mọ Ẹbúté-Ayépé mọ́. Bí ó bá dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á bi í pé ṣé ẹja ni. "Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Èmi kọ́ ni mo gbé wọn? Ọkọ̀ ojú omi sọ wọ́n sórí ilẹ̀ líle, èmi ni mo dúró dè wọ́n pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Èmi ni mo kó wọn gòkè wá síbí. Ọkọ̀ mi rùn fẹ́ja títí mo fi tà á. Ìyá àwọn ọmọ ní òun ò ní wọ inú ẹ̀ mọ́ láyé. Àkọ́bí mi ló ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, ó ti ga jù mí lọ. Gbogbo ìgbà ló ń ṣépè fún ẹja."

Iná àyà wọn kò pọ́n. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọjọ́-orí. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń sọ.

Ṣùgbọ́n Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò ti tutù bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ọmọ tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, tó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Òun, lọ́jọ́ yẹn, ẹní tí ó rù ga jù ú lọ. Ìyá rẹ̀, tó kọ̀ láti wọ ọkọ̀ láìsí i, ló ń dì í mú kí atẹ́gùn má bàa gbé àti ẹní àti ọmọ.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ni Gbàdàmọ́sí bi í. "Ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà nínú ọkọ̀ yín. Wọ́n gbé mi jókòó lórí àpò gaàrí."

"Wọ́n gbé yín?"

"Wọ́n gbé mi ni."

Gbàdàmọ́sí gbé fìlà sílẹ̀. Ó ń wò ó láti ìsàlẹ̀, ẹ̀rín músẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn sì tún yọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ látilẹ̀ ni, tàbí ẹni tó ti fura.

Ìtìjú bo bàbá. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi dùbúlẹ̀ bí ọba, tó ń dúró kí ẹni tó tó bí i wá kí òun. Gbogbo ìgbà tó gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ó tẹ́ ẹni tó kó òun yọ nínú omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí fóòmù fẹ́lẹ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bàa sùn níbi orí Mọrẹ́nikẹ́. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Àyè tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì ilẹ̀ àti àpótí kò fẹ̀. Ibẹ̀ náà ló na gbogbo ara sí, àyà lu ilẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ lórí pákó ilé tó wà lókè omi.

Ilẹ̀ yàrá gbọ̀n díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí irú ìwúwo bẹ́ẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́.

"Ojúgbà kan wà nílẹ̀," ni ilé wí. "Ojúgbà Ẹ̀hìnlàńwò, ṣé ẹ ṣubú ni, àbí ẹ dọ̀bálẹ̀?"

Gbàdàmọ́sí dà bí òkúta. Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀ tútù. Bí ó bá ní òun dọ̀bálẹ̀, kí oòrùn tó yọ tán wọ́n á ti mú ẹni yìí lọ sí apá kejì ìlú, wọn kò sì ní fojú kan ara wọn mọ́. Bí ó bá ní òun ṣubú, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní aláìlera. Gbogbo Òkè-Àánú ló mọ ibi tí wọ́n ń gbé àwọn aláìlera lọ, níbi tí bẹ́ẹ̀dì ti dọ́gba tí kò sí ìṣó.

"Mo ṣubú," ó wí.

"Ǹjẹ́ ó dùn yín?"

"Ó dùn mí."

"Níbo?"

Ó ronú sí i. "Ibi gbogbo."

"A ti gbọ́. A ó sọ fún àwọn tó yẹ kó gbọ́."

Gbàdàmọ́sí fi ọwọ́ bo iná àyà tirẹ̀, ilẹ̀ ti bo ti bàbá. "Kí lo ṣe bẹ́ẹ̀ fún?" ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Dìde. Orúnkún ẹ ò lágbára, mo ń gbọ́ ọ tó ń dún. Dìde jàre." Ó kì í lábíyá, ó gbé e dìde. Ọwọ́ ènìyàn kò tíì kan bàbá níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gé bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ wá sùn lókè, Bàbá. Ẹ dáríjì mí," ni Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò wí, ó fi ọwọ́ bo iná àyà àwọn méjèèjì.

"Mi ò fẹ́. Ìsàlẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o mọ ibi tí mo ti wá? Gbọ̀ngàn ni. Gbogbo wa dọ́gba níbẹ̀, gbogbo ìmí wa para pọ̀ bí ariwo ọjà. Tí ti ẹnì kan bá dúró, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń rí i." Ó na ìka sókè sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Níhìn-ín, mò ń gbọ́ ẹ. O ò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ẹ tó ń mí. Ìyẹn náà tó mi í gbé."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bísóyè dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ lu àpótí, ó pòṣé.

"Ta ló ṣubú?"

"Èmi ni," ni Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò wí.

Bísóyè wo ilẹ̀ tóóró tó wà níbẹ̀. Ó wo Gbàdàmọ́sí tó tẹjú mọ́ fèrèsé. Ó wo bàbá tó dúró pẹ̀lú orí títẹ̀ba, tó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó fọ́ àwo. "Ẹ ṣubú," ó wí, ó ń fà á bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ẹ fi àyà ṣubú."

"Ẹni tó bá ṣubú kò gbọ́dọ̀ sùn lókè," ni ilé wí. "Gbọ̀ngàn ti gbọ́."

"Kí Gbọ̀ngàn ní sùúrù ná," Bísóyè dá ògiri lóhùn. Ohùn ìsọ̀ ló gbé wá, ohùn tó fi ń bá oníbàárà jà. "Bẹ́ẹ̀dì ilẹ̀ kan wà nínú yàrá yìí, èmi ni mo tà á. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣubú sùn síbẹ̀. Ẹni tó wà nílẹ̀, níbo ló tún fẹ́ ṣubú sí?"

Wọ́n ń gbọ́ bí ilé ṣe ń rò ó nínú ògiri, bí omi tó ń gba inú páìpù kọjá.

"Ó bójú mu," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ojúgbà Gbàdàmọ́sí á bọ́ sókè. Ojúgbà Ẹ̀hìnlàńwò, ṣé ẹ gbà?"

Bàbá wo bẹ́ẹ̀dì òkè. Ohun tó kù nínú bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ìrọ̀rí Mọrẹ́nikẹ́ wà lórí rẹ̀, èyí tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ ó pààrọ̀, ó ti tẹ̀ wọnú láàárín. Torí kí ẹnikẹ́ni má bàa sún mọ́ ibẹ̀ ló fi yan bẹ́ẹ̀dì ilẹ̀. Bí ó bá ní rárá, Gbàdàmọ́sí yóò padà síbi tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹni tó ń mí, òun náà yóò sì lọ. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní sí ibì kankan mọ́ nínú yàrá yìí tí yóò fi ọwọ́ pa, tí yóò pè ní ti Mọrẹ́nikẹ́, àyàfi ìṣó.

Ó mú ìrọ̀rí náà. Ó gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Ó gbé e padà sí orí bẹ́ẹ̀dì, ó tún un tò.

"Mo gbà."

"Ojúgbà Gbàdàmọ́sí?"

Gbàdàmọ́sí la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ jiyàn, ó rí ìrọ̀rí náà, ó pa á dé. "Mo gbà," ó wí jẹ́jẹ́.

Bísóyè ń lọ. Lẹ́nu ọ̀nà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo iná àyà rẹ̀, bàbá náà bo tirẹ̀. "Mo sọ fún yín, Bàbá, àbí mi ò sọ?"

"O sọ."

"Orí funfun."

"Máa lọ sí ìsọ̀ ẹ."

Nígbà tí oòrùn yọ tí wọ́n pa fèrèsé dé, Bàbá Ẹ̀hìnlàńwò ṣí àpótí, ó yọ ẹní Ẹbúté-Ayépé jáde, ó tẹ́ ẹ sórí fóòmù fẹ́lẹ́ náà. Ó gbẹ, etí rẹ̀ ti já, ṣùgbọ́n òórùn èéfín ẹja ṣì wà nínú rẹ̀ bí ènìyàn bá sún imú mọ́ ọn. Ó dùbúlẹ̀. Kò tíì wo yàrá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ rí. Òkè ti jìnnà. Ó rántí bí wọ́n ṣe ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn, òun àti àwọn tó kú, omi ń lu òpó lábẹ́ pákó, ìyá ń mí lókè, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀rù ohunkóhun. Ó tẹ́tí. Ó gbọ́ ọ: ìmí gígùn kan, tó ń dúró díẹ̀ kó tó padà. Oorun gbé e lọ kó tó mọ̀.

"Ẹ kú jíjí, ojúgbà méjì," ni ilé wí.

Ó lajú. Yàrá pa rọ́rọ́. Ó tẹ́tí sókè, kò gbọ́ nǹkankan. Ó dúró, bí ó ṣe ń dúró ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló rántí. Kì í ṣe ẹni tó wà lókè ni ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo iná àyà rẹ̀. "Ẹ kú jíjí, Bàbá," ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

Ó gbé orí sókè kúrò lórí ẹní.

"Ẹ̀hìnlàńwò."

Orúkọ rẹ̀ nìkan, kò sí ojúgbà níwájú rẹ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn. Àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ti lọ síbi tí a kì í ti í bọ̀.

"Ẹ ń pè mí, Bàbá."

"Bu omi sí búúta yẹn fún mi. Má jẹ́ kó gbóná jù."

Ó dìde. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì dún, ẹ̀yìn rẹ̀ dùn ún, ó kọ ẹsẹ̀ lu àpótí. Ó gbé búúta, ó yára lọ sídìí ẹ̀rọ omi bí ọmọ tí wọ́n ní kó má pẹ́. Omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Ojúgbà Ẹ̀hìnlàńwò," ni ilé wí, "ẹ ń yára ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́?"

"Rárá," ó wí. "Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni."